Lẹ́tà Tó Dá Igi Sí

Ẹni tí Aránṣọ fẹ́ràn jù lọ láyé, bàbá ẹni náà ló gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun pa. Kò yìnbọn fún un, kò gún un lọ́bẹ. Lẹ́tà ló kọ.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ igbó kékeré kan tó wà láàárín ìlú. Èèyàn lè rin igbó náà já láàárín ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń ti ibẹ̀ rí èémí. Àwọn arúgbó ń lọ jókòó níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà nílé ń lọ síbẹ̀ lọ parí ìjà. Láràárọ̀ Sátidé, àwọn èèyàn bíi mẹ́rìnlá tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn máa ń pàdé ní ẹnu géètì. Wọ́n á ṣa ọ̀rá àti ike, wọ́n á gbá ojú ọ̀nà, wọ́n á gbin igi tuntun. Bàbá Onílẹ́tà ni olórí wọn. Ogójì ọdún ló fi pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Nígbà kan, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi ńlá kan létí ọ̀nà, wọ́n ní àwọn máa gé e. Igi náà dàgbà ju ìlú fúnra rẹ̀ lọ. Oorun kúrò lójú Aránṣọ. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ojú-ewé méjì, ó gbé e láti ojúlé dé ojúlé, àwọn èèyàn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún sì fọwọ́ sí i. Káńsù gbọ́ ẹ̀bẹ̀, wọ́n fi igi sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn ará Sátidé jó yí igi ká, wọ́n gbé Aránṣọ sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń jà, ẹ̀ka kan já lára igi yẹn, ó wó lu ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ńṣì nísàlẹ̀. Aránṣọ gbọ́ ariwo láti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré jáde. Ó wà lára àwọn tó gbé ẹ̀ka náà kúrò. Ọkùnrin náà kú kí ọkọ̀ ilé-ìwòsàn tó dé. Lọ́sẹ̀ kejì, káńsù gé igi náà dé gbòǹgbò, kò sì sẹ́ni tó kọ lẹ́tà.

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Bàbá Onílẹ́tà kàn gbọ́wọ́ lé e léjìká ni, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ni, ọmọ mi." Aránṣọ ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ́kọ́ dé géètì ní Sátidé, òun ló sì ń gbẹ̀yìn kúrò. Àwọn èèyàn a máa sọ pé, ẹ ò rí bí ọmọbìnrin yìí ṣe fẹ́ràn igbó! Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ òkú.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà kí Oníná tó yọjú.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ará Sátidé máa ń pe gbogbo àdúgbò wá sínú igbó, kí wọ́n wá wo àwọn igi, kí àwọn ọmọdé yàwòrán ẹyẹ, kí àwọn àgbà sọ bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Lọ́dún yẹn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ̀, kò fọhùn, ó kàn ń hanrun bí ẹni tó sun oorun àsùnwọra. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná.

Ó wo wáyà títí, ó wá bi Aránṣọ pé, "Ẹ̀yin lẹ so èyí?"

"Èmi ni."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Ó hàn."

Ó yẹ kí inú bí Aránṣọ. Ẹ̀rín ló rín, ó sì ti pẹ́ tó ti rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí Oníná tún un ṣe tán, kò lọ. Ó rìn lọ síbi kùkùté igi ńlá náà, ó dúró tì í. Aránṣọ gbé omi lọ fún un.

"Ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Rárá o. Bàbá mi ló kú síbí. Láti ọjọ́ náà, màmá mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dé àdúgbò yìí. Bí wọ́n ṣe pè mí síṣẹ́ lónìí, mo ní bóyá bàbá mi ló pè mí."

Aránṣọ na ife omi náà sí i. Sọ ọ́ nísinsìnyí, ọkàn rẹ̀ sọ fún un. Sọ ọ́ kó tó mọ orúkọ rẹ. Ó la ẹnu.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló jáde.

Oníná padà wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Ó ní òun wá wo ẹ̀rọ náà bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní Sátidé kejì, ó mú ọkọ́ wá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti mọ orúkọ igi mọ́kànlá, ó sì ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Ọjọ́rú láti wá tún áyọ́ọ̀nù ṣe.

"Áyọ́ọ̀nù yìí ò bàjẹ́," Aránṣọ sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ìwọ lo ń tú u."

"Tí mi ò bá tú u, kí ni mo fẹ́ sọ pé mo wá ṣe?"

"O lè sọ pé èmi lo wá rí."

Oníná gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ìwọ ni mo wá rí."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Inú Aránṣọ ń dùn, ọkàn rẹ̀ sì ń jó bí ẹni tó gbé ẹyin iná mì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pinnu láti sọ fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, Oníná fi fọ́tò bàbá rẹ̀ hàn án, ó rí ojú tó ti rí rí, ọ̀rọ̀ sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀kejì, oníbàárà wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń dùn ún jù títí dòní. Oníná ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ti ní òun fẹ́ kó wá mọ ìyá òun, kí àwọn lè jọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ," Aránṣọ wí.

"Ṣé o ti lọ́kọ ni?"

"Rárá."

"Ṣé o pa èèyàn ni?" Oníná ń rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ wò ó. Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣí gbayawu níwájú rẹ̀, kò gba ibẹ̀ kọjá.

"Ẹ̀rù màmá rẹ ló ń bà mí," ó ní.

"Màmá mi ò jẹ èèyàn. Tíṣà lásán ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìwé ìkéde jáde lára géètì igbó: káńsù fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ kí wọ́n fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ará ìlú. Ìpàdé gbogboogbò máa wáyé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo èèyàn ló mọ ewu tí wọ́n ń sọ.

Ilé Màmá Tíṣà mọ́ bí ìwé tuntun. Pálọ̀ kékeré ni, àga mẹ́rin, aago ògiri kan, àpótí ìwé, àti kóòtù ọkùnrin kan tó ṣì rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Obìnrin náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú rẹ̀ ń wo èèyàn bí ẹni pé ó ń wá àṣìṣe. Àmọ́ kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi rọ̀. Ó bi Aránṣọ nípa iṣẹ́, ó bi í nípa àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n ti kú, ó ní, "Ìyà ti jẹ ọ́, ọmọ yìí." Ó bu búrẹ́dì fún un. Oníná jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yọ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

"Ó yẹ kí o bá mi rán búbá kan," ìyá náà wí. "Kọ nọ́ńbà rẹ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù síbí."

Aránṣọ kọ ọ́. Ìyá gba ìwé náà, ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, nígbà tó sì jáde, ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ìwé ọmọ ọlọ́mọ," ó wí wẹ́rẹ́. "Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ ìkọ̀wé pamọ́ fún mi. Ìwọ lo kọ èyí?"

Ẹ̀dà lẹ́tà náà ni. Káńsù ló fún un nígbà tó lọ béèrè ìdí tí wọn ò fi gé igi tí àwọn fúnra wọn sàmì sí.

"Èmi ni, mà."

"Kí ni?" Oníná ń wo tibí wo tọ̀hún. "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bi í. Bi ìyàwó tí o mú wá fún mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gé igi, ó ní kí wọ́n má gé e. Bàbá rẹ lọ jókòó síbẹ̀ torí wọn ò gé e." Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Jáde nílé mi, jọ̀ọ́. Fi búrẹ́dì yẹn sílẹ̀."

Lójú pópó, Oníná ò fi ọwọ́ kàn án. "O mọ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ti dúró síbi kùkùté yẹn lo ti mọ̀."

"Mo fẹ́ sọ fún ọ."

"Mo bi ọ́! Mo fi ẹnu ara mi bi ọ́ pé ṣé o pa èèyàn! O rẹ́rìn-ín sí mi."

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"O jẹ́ kí èmi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn burú jù ú lọ." Ó sì yí padà, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọjọ́rú mẹ́ta, kò sẹ́ni tó tú áyọ́ọ̀nù. Aránṣọ ń rán aṣọ, ó ń tú u, ó ń tún un rán. Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Onílẹ́tà, ó ní kó bá òun bẹ ìyá náà. Arúgbó náà lọ lẹ́ẹ̀kìíní, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn ò fún un ní àga. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó bọ́ fìlà.

"Mo ti pín ìwé ikú, mo ti pín ìwé ìlékúrò lẹ́nu iṣẹ́," ó ní. "Mi ò tíì jẹ́ irú iṣẹ́ yìí rí."

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

"Ó ní kí o wá sí ìpàdé káńsù. Kí o dìde níwájú gbogbo wọn, kí o sọ pé kí wọ́n gé igbó náà. Ìwọ tó dá igi sí, ìwọ ni kí o ní kí wọ́n gé ìyókù. Tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní o lè fẹ́ ọmọ òun."

"Òun ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó ti gbẹ, ọmọ mi. Kò dà bí ẹni tó ń jẹun."

Aránṣọ bo ojú. "Kí ni kí n ṣe?"

Bàbá Onílẹ́tà gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ogún ọdún ló ti fi gbin igi sínú igbó yẹn. "Bí mo bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, ti igbó ni mo máa sọ," ó ní. "Nítorí náà, má bi mí."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Nígbà mìíràn á sọ fún ara rẹ̀ pé, igi lásán ni, jẹ́ kí wọ́n gé e, ṣé igi ló máa pè ọ́ ní ìyàwó? Nígbà mìíràn á rò ó pé ẹ̀tọ́ ìyá náà ni, pé ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀jẹ̀ kò lè yan bí òun ṣe máa san án. Á wá rántí àwọn arúgbó orí bẹ́ńṣì, á sì mọ̀ pé tí òun bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe torí òtítọ́, torí ọkọ ni.

Gbọ̀ngàn káńsù kún fọ́fọ́. Màmá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sunkún. Ó sọ aago tí ọkọ òun jáde nílé, ó sọ aago tí wọ́n wá kanlẹ̀kùn òun, ó sì jókòó. Wọ́n pe Aránṣọ. Oníná wà lẹ́yìn pátápátá, ó fara ti ògiri.

"Èmi ni mo kọ lẹ́tà tí wọn ò fi gé igi yẹn," Aránṣọ wí. "Káńsù kọ ọ́ pé igi náà ti ń jẹrà nínú. Mo kà á. Mi ò gbà á gbọ́, torí mi ò fẹ́ gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún wa, mi ò gbójú sókè wo ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ni. Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Èmi ni. Màmá, mo jẹ̀bi yín."

Ó wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó sì gbójú kúrò níbẹ̀.

"Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan níbí lónìí. Tí mo bá sọ ọ́, màá rí ohun tí mo fẹ́ jù láyé gbà. Mi ò lè sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni, kì í ṣe ti igbó. Ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ yan ẹni tó mọ igi, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, kí ẹ sì gé èyí tó bá ti kú. Bí mo bá tún wá bẹ̀ yín pé kí ẹ má gé irú igi bẹ́ẹ̀, ẹ má gbọ́ tèmi."

Ìdájọ́ jáde lọ́sẹ̀ kejì: wọ́n máa gé ìdá kan nínú mẹ́ta igbó náà, èyí tó wà létí títì, ìyókù á dúró, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará Sátidé kan ò kí Aránṣọ mọ́. Ọ̀kan sọ ọ́ sí i lójú pé, "Ẹnu rẹ lo fi tà wá. Tó bá jẹ́ pé o dákẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ì bá ṣẹ́ kù." Ó lè jẹ́ òótọ́.

Oníná wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ariwo ẹ̀rọ ìgégi ń wọlé láti ojú fèrèsé.

"Jẹ́ ká lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Mo ti dàgbà. Mi ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ tí Aránṣọ ti ń gbàdúrà láti gbọ́ nìyẹn. Igi kan wó lódìkejì títì, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mì.

"Ìyá rẹ pàdánù ọkọ nítorí mi," ó wí. "Ṣé kí n tún wá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi ńkọ́? Ta ló ń ro tèmi?"

"Èmi ni. Ìdí tí mo fi ń sọ pé rárá nìyẹn."

Oníná jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó sunkún bí ọmọdé. Aránṣọ dúró tì í, kò fọwọ́ kàn án, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ kàn án, ó ti parí. Nígbà tó lọ, Aránṣọ jókòó sídìí máṣíìnì, ó sì rán ìka ara rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Oṣù méje kọjá. Ó rù. Ó ń lọ sínú igbó ní Sátidé, ó ń gbójú sókè wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó ń padà sílé. Ìrètí ò sí nínú rẹ̀ mọ́, ìṣe tó ti mọ́ ọn lára nìkan ló kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjìji bo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Màmá Tíṣà ni. Aránṣọ dìde, ó kúnlẹ̀.

"Dìde, kò sí àyè nílẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kún ibẹ̀." Ìyá náà jókòó. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi pé o wà níbẹ̀ kí ó tó kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Orí wọn wà lórí itan mi."

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo wọn ló ń sọ fún mi pé kò jẹ̀rora, wọn ò sì sí níbẹ̀. Káńsù ní kì í ṣe àwọn. Pásítọ̀ ní àkókò rẹ̀ ló tó. Ìwọ nìkan lo dúró níwájú èèyàn tí o ní ìwọ ni." Ó di etí tábìlì mú. "Má pa irọ́ fún mi. Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

"Wọ́n jẹ̀rora, mà. Díẹ̀ ni. Wọ́n bi mí pé bàtà àwọn dà, pé ọ̀kan ti bọ́. Mo wá a, mo fi wọ̀ wọ́n. Wọ́n ní, 'Ó ti dáa.' Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́."

Màmá Tíṣà wò ó títí. Ohùn kan wá jáde lẹ́nu rẹ̀ tí Aránṣọ ò kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn! Ó ti fẹ̀ jù fún un. Mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé kó má wọ̀ ọ́ jáde. A bá ara wa jà lórí rẹ̀." Ẹ̀rín náà ṣẹ́ láàárín, ó di ẹkún, ẹkún ọdún mẹ́ta. Aránṣọ sún mọ́ ọn. Ìyá náà ò tì í kúrò.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó tún di tíṣà. "Gbọ́ mi dáadáa. Mi ò tíì dárí jì ọ́. Mi ò sì mọ ọjọ́ tí màá dárí jì ọ́, má bi mí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń kú lọ lójú mi, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ ara mi sin èèyàn méjì. Ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó yín. Màá wá. Má retí kí n rẹ́rìn-ín."

Wọ́n ṣe é ní kóòtù lọ́jọ́ Ẹtì kan. Oníná ò tíì sanra padà, ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ sí i lọ́rùn. Ó di ọwọ́ Aránṣọ mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ tó rí igi dì mú. Bàbá Onílẹ́tà sunkún débi pé wọ́n ní kó bọ́ síta. Ìyá náà wá. Kò rẹ́rìn-ín.

Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé báyìí. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ ikú náà bá pé, Màmá Tíṣà á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láti àárọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, Aránṣọ gbé ife tíì kan sẹ́nu ilẹ̀kùn. Títí di ìrọ̀lẹ́, ó wà níbẹ̀, ó tutù, eṣinṣin ti bọ́ sínú rẹ̀. Ó gbé e kúrò, kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó tún gbé e síbẹ̀. Ó ti ń yí padà lọ nígbà tó gbọ́ kọ́kọ́rọ́.

"Ife kan ṣoṣo lo gbé wá," ìyá náà wí láti inú yàrá. "Ìwọ kì í mu tíì ni?"